Ẹnu Iṣẹ́ Ni Ọwọ́ Adéróunmú Ti Gé

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Ògọ́ọ̀sì ọdún 1984, Adéróunmú jẹ ẹ̀wà òun gaàrí tán, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó má wulẹ̀ retí òun bọ̀rọ̀, nítorí pé ofatáìmù wà. Àwọn ilé-ìwé fẹ́ wọlé, ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ring Road sì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé ìṣirò tí wọ́n gbọ́dọ̀ gé létí kí wọ́n tó dì í sínú páálí. Adéróunmú ló ń gé e. Ọdún kẹsàn-án rẹ̀ nìyẹn nídìí ẹ̀rọ ìgéwèé, ó sì mọ ẹ̀rọ náà débi pé bó bá ti gbọ́ ìró rẹ̀ lásán, á ti mọ̀ bóyá ọ̀bẹ inú rẹ̀ ti kú.

Títílọpẹ́ ìyàwó rẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lọ ní Agbowó, níbi tó ti ń tẹ táìpù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú obìnrin tí Títílọpẹ́ jẹ́, kó bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ń kánjú. Kò sí bí wọ́n ṣe lè fapá jánú tó, kò ní kó iṣẹ́ wọn fún wọn títí yóò fi kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀rọ tí Adéróunmú ń lò, ọwọ́ méjì ló ń gbà. Irin méjì ló wà lára rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ọ̀bẹ kò sì ní sọ̀kalẹ̀ àfi bí wọ́n bá fa méjèèjì pọ̀. Ọgbọ́n tí àwọn tó ṣe é dá nìyẹn, kí ọwọ́ kankan má baà wà lábẹ́ ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n irin òsì ti bàjẹ́ láti oṣù Kẹrin. Wọ́n ní kò sí páàtì rẹ̀ lọ́jà, ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń kó irú rẹ̀ wọ ìlú kò sì tíì jáde. Kí iṣẹ́ má baà dúró, wọ́n fi wáyà so irin òsì náà mọ́lẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá ti fa irin ọ̀tún nìkan, ọ̀bẹ á sọ̀kalẹ̀. Ojoojúmọ́ ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń rí wáyà náà, ó sì ti pẹ́ tí wọn kò kà á sí nǹkan kan mọ́.

Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìwé yẹ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ. Adéróunmú na ọwọ́ òsì láti tún un tò, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì fa irin bó ṣe ti ń fà á láti àárọ̀. Ìka mẹ́ta ló bá a lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, Ọ̀gbẹ́ni Akínbíyì, mánéjà ilé iṣẹ́ náà, wá kí i ní ilé ìwòsàn. Akínbíyì kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó gbé mílíìkì àti ọsàn wá, ó dúró ti bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé ó dùn ún. Akọ̀wé kan tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìwé àti bírò. Adéróunmú fẹ́ dìde, wọ́n ní kó má dìde. Ojú tì í pé irú àgbà bẹ́ẹ̀ gbé ẹrù wá bá òun lórí ìdùbúlẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ má bínú, sà, mo kó ìyọnu bá yín. Èmi náà ni mo fọwọ́ ara mi fà á."

Ta ni nínú wa tí kò ní sọ bẹ́ẹ̀? Ọmọ tí wọ́n bá kọ́ nílé kì í gba mílíìkì lọ́wọ́ àgbà tán kó ní ẹ̀rọ àgbà náà ló ṣe òun léṣe. Ẹni tó ń ṣàìsàn gan-an, bí a bá ní báwo lara, á ní ara ti ń yá. Bí a ṣe ń kí ara wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n akọ̀wé kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ, ó gbé ìwé síwájú Adéróunmú, Adéróunmú sì fi ọwọ́ tó kù fún un bu ọwọ́ lù ú. Kò kà á. Lójú tirẹ̀, ìwé pé wọ́n wá kí òun ni.

Láti oṣù Kẹsàn-án ni Adéróunmú ti ń lọ sí ọ́fíìsì lọ béèrè owó gbà-má-bínú. Ìdáhùn kan náà ni wọ́n ń fún un: ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ adójútòfò, ìyẹn ìnṣọ́ránsì, kó ní sùúrù. Ó sì ní sùúrù lóòótọ́, torí ó gbà pé kò yẹ kí ènìyàn máa yọ ọ̀gá lẹ́nu. Wọ́n san ìdajì owó oṣù fún un lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì dáwọ́ dúró. Nínú oṣù Kejìlá ni lẹ́tà kan wá dé láti ọ̀dọ̀ àwọn adójútòfò ní Dùgbẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò ní san kọ́bọ̀, nítorí pé òṣìṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló yọ ìdáàbòbò ara ẹ̀rọ, tó sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Wọ́n fi ẹ̀dà ìwé tó bu ọwọ́ lù mọ́ ọn.

Títílọpẹ́ ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Bàbá Wándé, ṣé ẹ sọ báyìí?"

"Mo sọ ọ́."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ so wáyà mọ́ ẹ̀rọ?"

"Rárá o. Mo kàn débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan ni mo bá a."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ní ẹ̀yin lẹ fà á?"

"Títí, ọ̀gá dúró lórí mi, ó gbé mílíìkì dání. Kí lo fẹ́ kí n sọ?"

Obìnrin mìíràn ì bá bú u. Títílọpẹ́ kò bú u. Ó mọ̀ pé ìwà tó jẹ́ kí òun fẹ́ ọkùnrin yìí náà ló kó o sí wàhálà, kò sì rí bí òun ṣe lè torí ẹ̀ bá a jà. Ìyẹn nìkan tó kí ènìyàn fi yìn ín.

Akínbíyì sọ fún wọn pé àwọn adójútòfò ló kọ̀, kì í ṣe àwọn, pé ọwọ́ ilé iṣẹ́ mọ́. Nígbà tí ọdún tuntun ti wọlé, ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan lẹ́yìn Agbowó, àwọn àgbà ìjọ gbàdúrà fún wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n fi ìjà fún Ọlọ́run. Títílọpẹ́ ṣe àmín tó dún ketekete. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó kó ìwé rẹ̀, ó wọ táàsì, ó gba ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lọ. Ó ti tẹ iṣẹ́ àṣekágbá kan rí fún akẹ́kọ̀ọ́ òfin, ó sì rántí pé ó kà níbẹ̀ pé irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ wà, pé ọ̀fẹ́ sì ni.

Ìyáàfin Ọláídé ni òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá níbẹ̀, obìnrin àgbàlagbà kan tó ń wo ènìyàn lókè awò ojú rẹ̀. Ó ka gbogbo ìwé náà. Lẹ́yìn náà ló bi Títílọpẹ́ ní ìbéèrè kan.

"Ìyàwó, ta ló gba ọkọ rẹ síṣẹ́? Ṣé ìnṣọ́ránsì ni?"

"Rárá, mà."

"Ẹni tó gbà á síṣẹ́ ni òfin ní kó san owó gbà-má-bínú. Bó bá lọ ra ìnṣọ́ránsì, kó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn ló ṣe rà á. Bí ìnṣọ́ránsì bá kọ̀ fún un, òun àti ìnṣọ́ránsì ni kí wọ́n jọ fà á. Ìyẹn ò kan ọkọ rẹ."

"Ṣùgbọ́n ó ti sọ pé òun lòun fà á, mà."

"Òfin ò béèrè bóyá ó fara balẹ̀. Ohun tó ń béèrè ni bóyá ẹnu iṣẹ́ ló wà. Ènìyàn lè ṣàṣìṣe, ìdí tí wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ yẹn ní ọlọ́wọ́ méjì nìyẹn. Ohun tó lè pa yín lára ni bó bá jẹ́ pé òun ló mọ̀ọ́mọ̀ tú ìdáàbòbò náà. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe di ọ̀rọ̀ wáyà mú. Ẹ lọ wá ẹni tó mọ bí wáyà yẹn ṣe débẹ̀."

Ó wá béèrè ọjọ́ tí ìjàǹbá náà ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Títílọpẹ́ sọ ọ́ fún un, ó yọ awò ojú rẹ̀ kúrò. Oṣù mẹ́fà péré ni òfin fún òṣìṣẹ́ láti kọ ìwé béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó gbà á síṣẹ́. Gbogbo ìgbà tí Adéróunmú ti ń lọ béèrè yẹn, ẹnu lásán ló fi ń béèrè, kò sí bébà kan tó fi hàn pé ó wá. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló kù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni Títílọpẹ́ jókòó ti ẹ̀rọ táìpù rẹ̀, ó fi kábọ̀n sáàárín bébà, ó kọ ọjọ́, wákàtí, ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ohun tí wọ́n ń béèrè, ó sì ṣe ẹ̀dà mẹ́ta. Ó gbé e lọ sí Ring Road. Akọ̀wé gba ọ̀kan, ó ní kó máa lọ. Títílọpẹ́ ní kó bá òun lu òǹtẹ̀ mọ́ ẹ̀dà tọwọ́ òun, kó sì kọ ọjọ́ tó gbà á sí i. Akọ̀wé ní kò pọn dandan. Títílọpẹ́ kò bá a jiyàn, ó kàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Aago mẹ́rin ku díẹ̀ ni akọ̀wé lu òǹtẹ̀ náà, nítorí pé ó fẹ́ máa lọ sílé. Ìgbà mẹ́rin ló tún lọ sí ilé ìwòsàn kí dókítà tó ráyè kọ ìwé tó sọ bí ọgbẹ́ náà ṣe tó àti iṣẹ́ tí ọwọ́ náà kò lè ṣe mọ́. Kò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ń kí wọn, ó ń padà wá.

Ó wá ku ẹlẹ́rìí. Bàbá Ọ̀ṣuntóyìn ni, fọ́mánù wọn, ọmọ Iléṣà tó ti lo ọdún mẹ́tàlélógún ní ilé iṣẹ́ náà. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti sọ fún Adéróunmú pé bàbá náà ló so wáyà. Tọkọtaya náà lọ bá a nílé ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, bàbá náà kò sì sẹ́. Ó kàn sọ fún wọn pé ọdún méjì ló kù kí òun fẹ̀yìn tì, pé àwọn ọmọ òun méjì ṣì wà nílé-ìwé.

"Bàbá, a ò ní kẹ́ ẹ gbè sẹ́yìn wa," Títílọpẹ́ wí. "Ohun tójú yín rí nìkan la ní kẹ́ ẹ sọ."

Bàbá náà ní òun ti gbọ́. Ó sìn wọ́n dé títì, kò sì sọ bóyá òun yóò wá jẹ́rìí tàbí òun kò ní wá.

Nínú oṣù Kẹta, Ìyáàfin Ọláídé pe gbogbo wọn jọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ Akínbíyì dúró níta, Bàbá Ọ̀ṣuntóyìn ló sọ̀ kalẹ̀ láti inú rẹ̀. Ọkàn Adéróunmú dàrú. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ó ti parí, ìyàwó rẹ̀ sì ní kó dákẹ́.

Akínbíyì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ ló so wáyà náà kí iṣẹ́ lè yá, kí wọ́n lè rí ofatáìmù púpọ̀ gbà, pé fọ́mánù òun wà níbí láti jẹ́rìí sí i. Ìyáàfin Ọláídé yíjú sí fọ́mánù. Bàbá náà ṣí fìlà.

"Èmi ni mo so ó," ó wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ọ́ sínú ìwé àtúnṣe ẹ̀rọ pé irin òsì ti bàjẹ́. Ìgbà kẹta, ọ̀gá fọwọ́ ara wọn kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí n wá ọgbọ́n dá sí i, iṣẹ́ ò gbọdọ̀ dúró. Ọgbọ́n tí mo dá nìyẹn. Ọmọ yìí ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ìwé náà wà ní ọ́fíìsì mi, mà. Bẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n gbé e wá, wọ́n á gbé e wá."

Akínbíyì kò pè é ní onírọ́. Ó mọ ohun tí òun kọ. Ó wolẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kàwé yìí, ẹ bá mi kan sáárá sí bàbá náà. Ó rọrùn láti sọ òótọ́ bí kò bá ní ná wa ní nǹkan kan.

Ìyáàfin Ọláídé wá ní kí Adéróunmú náà sọ tẹnu rẹ̀. Adéróunmú dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀. Títílọpẹ́ di ojú. Ẹ̀rù ń bà á pé ọkọ òun tún fẹ́ tọrọ àforíjì.

"Ọ̀gá, ẹ wá kí mi nígbà tí mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì," Adéróunmú wí. "Mo dúpẹ́, mi ò sì ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹnu iṣẹ́ yín ni mo wà, ẹ̀rọ yín ló gé mi lọ́wọ́. Ẹ̀tọ́ mi ni mo wá gbà."

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ àdéhùn níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba, ilé iṣẹ́ sì san owó náà kí oṣù Karùn-ún tó parí. Wọ́n dá ẹ̀rọ ìgéwèé dúró títí wọ́n fi rí páàtì rẹ̀. Wọ́n gba ipò fọ́mánù lọ́wọ́ Bàbá Ọ̀ṣuntóyìn, wọ́n gbé e lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó bébà sí, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kò ráhùn. Owó kò dá ìka padà o. Adéróunmú kò lè ṣe iṣẹ́ tó mọ̀ dunjú mọ́ láé. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀ báyìí, ó ń fi ìka tó kù tẹ táìpù díẹ̀díẹ̀, àwọn ọjọ́ kan sì wà tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo ọwọ́ òun.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, bí nǹkan bá ṣe yín lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà tiyín. Ẹ má bu ọwọ́ lu ìwé tẹ́ ẹ kò kà, bó ti wù kí ẹni tó gbé e wá ṣe yín lóore tó. Bí àwọn adójútòfò bá kọ̀, ọ̀rọ̀ kò tíì parí. Ẹ tètè lọ bá òṣìṣẹ́ ìjọba, torí ọjọ́ kì í dúró de ẹni tó ń ṣe sùúrù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rí i bó ṣe ṣẹlẹ̀, ẹ sọ ọ́ bẹ́ ẹ ṣe rí i. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má ṣe sọ ìkíni ọmọ tó mọ ẹ̀kọ́ ilé di ẹ̀sùn sí i lọ́rùn.

Bí wọ́n bá sì wá kí yín lórí ìdùbúlẹ̀, ẹ dúpẹ́ dáadáa, ìwà wa ni. Ẹ sáà má fi ẹ̀bi kún ọpẹ́.