Ìgò Tí Ẹnikẹ́ni Kò Ṣí

Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ, ẹni tó bá fẹ́ kó pè mí ní òpùrọ́. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi já èdìdì ìgò náà, lọ́sàn-án gangan, ní yàrá àyẹ̀wò wa ní ìlú Turrialba.

Wọ́n bá kòkòrò àìfojúrí tó ń gba inú oúnjẹ pani nínú wàràkàṣì Doña Hermelinda, ìyá kan tó ń ṣe wàràkàṣì tà. Tó bá jẹ́ pé ilé rẹ̀ ni kòkòrò náà ti wá, wọ́n á ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ pa. Tó bá jẹ́ pé tiwa ni, èyí tí à ń sìn fún ìdánwò, ló ta sí i lórí tábìlì wa, ó bọ́ nínú ẹ̀bi nìyẹn.

"Ilé mi mọ́, Nidia ọmọ mi," ó wí. "Rò ó dáadáa kó o tó kọ nǹkan kan."

A fi àbùdá kòkòrò méjèèjì wéra. Bákan náà ni wọ́n rí, àfi níbi mẹ́rin.

"Kì í ṣe tiwa," ni Don Eladio, ọ̀gá wa, wí.

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo jẹ́wọ́. Inú àwọn ìgò kéékèèké tó wà nínú firíìsà ló yẹ kí n ti máa bu kòkòrò tuntun. Ọ̀lẹ ò jẹ́. Fún ọdún méjì, inú àwo ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mò ń ti bù ú. Kòkòrò tí wọ́n bá sìn báyẹn máa ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ìyàtọ̀ mẹ́rin yẹn kò tíì dá wa láre.

"Ọdún méjì? O ṣeun o. Lọ gbé ìgò ìpilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí wá, ká fi wéra."

Ọdún mọ́kànlá ni ìgò náà ti wà níbẹ̀, èdìdì rẹ̀ ò yẹ̀. Firíìsà nìkan ló ń kùn. Mo já èdìdì.

Nígbà tí a yẹ ẹ́ wò, ìyípadà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nínú ti wàràkàṣì pé sínú ìgò náà. Ìwé tó bá ìgò náà wá kò ní ẹyọ kan nínú wọn. Kòkòrò tó dì gbagidi kì í bímọ. Báwo ló ṣe yí padà? Báwo ló ṣe jáde?

Lọ́sẹ̀ kejì, a tún ìgò náà yẹ̀ wò. Ìyípadà ti di márùn-ún. Mo lọ bu wàràkàṣì tuntun nílé Doña Hermelinda, mo fi í ránṣẹ́ tààrà sí yàrá àyẹ̀wò mìíràn ní San José, kò kan tábìlì wa. Márùn-ún náà ni wọ́n kà níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo bá lọ bá Don Eladio.

"Kí la máa kọ, ọ̀gá?"

"Àyè méjì ló wà nínú ìwé àbájáde àyẹ̀wò: tirẹ̀ tàbí tiwa. Ìwọ lo máa kọ ọ́."

Mo kọ "tiwa". Àánú rẹ̀ ló ṣe mí. Wọ́n fi í sílẹ̀, ó sì padà sọ́jà.

Lánàá, ó fi odidi wàràkàṣì kan ránṣẹ́ sí mi nílé láti dúpẹ́. Nígbà tí mo fi máa délé, ìyá mi ti jẹ ẹ́ dé ìdajì.

"Ó dùn," ó wí. "Wá jókòó."