Àpá Tí Télọ̀ Ní Kí Wọ́n Yọ

Irin àtẹ̀gùn tún dún. Kẹ́ẹ́n.

Télọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó tẹ́tí. Ìyá rẹ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń gbé: òkè ni yàrá wọn wà, ìsàlẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù. Ojú ìyá náà ti ń ṣe bàìbàì, nítorí náà ọwọ́ ló fi ń ríran. Bó bá ti di irin etí àtẹ̀gùn mú, gbogbo ara ló máa ń fi tì í.

"Màmá, ẹ rọra o!"

"Ṣé mo ń sáré ni?"

Télọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ, ó tún dúró. Ó dìde, ó lọ fọwọ́ mi irin náà, ó pa dà wá jókòó. Kò tíì fa òwú wọ inú abẹ́rẹ́ tó fi tún dìde. Látìgbà tí irin yẹn ti ń dún ni ara rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Ó ti rán ọwọ́ aṣọ oníbàárà kan sódì, bẹ́ẹ̀ òun náà ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá Ojú Rírán.

Ohun tó sì ń bà á lẹ́rù náà lẹ́wà. Irin náà dúdú, ó ń dán, béèyàn fọwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọwọ́ ò ní kọ́ nǹkan kan. Bí Télọ̀ ṣe fẹ́ ẹ gan-an nìyẹn. Lọ́jọ́ tí jórinjórin gbé e dé, gbogbo ibi tó ti jó o pọ̀ ló rí gbágungbàgun, Télọ̀ sì fajú ro.

"Ọ̀gá, kí ni gègé yìí?"

"Gègé kọ́, Màdáámù. Ibi tí mo ti jó o pọ̀ ni. Àpá la máa ń pè é."

"Èmi ò fẹ́ àpá nílé mi o. Aṣọ tí ojú rírán rẹ̀ bá hàn síta, wọn ò tíì rán an tán. Ẹ bá mi yọ ọ́, kó dán."

"Màdáámù, bí mo bá lọ̀ ọ́ jù..."

"Ẹ lọ̀ ọ́! Àbí ẹ ò mọṣẹ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dun ọkùnrin náà. Oníṣẹ́ ọwọ́ wo ló fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ò mọṣẹ́? Ó gbé ẹ̀rọ ìlọrin, ó lọ àpá náà títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Níbi tí ihò ti yọjú, ó fi pọ́tì dí i, irú èyí táwọn kunlékunlé máa ń lò, ó sì kun gbogbo rẹ̀ lọ́dà. Télọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ pé. Kò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Àbúrò Télọ̀ ọkùnrin ló wá kí wọn lọ́jọ́ tí ọ̀ràn náà tú. Yunifásítì ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá ìwádìí kan tí wọ́n ti máa ń fa irin tí wọ́n jó pọ̀ títí á fi já, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ń là á sí méjì láti wo inú rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ìjórin tó ń tọ́jọ́ àti èyí tó ń tanni. Ẹ̀rín ni iṣẹ́ yìí máa ń pa ìyá wọn. Fọ́rinfọ́rin ló sọ ọmọ náà.

"Fọ́rinfọ́rin, káàbọ̀ o. Mo rán ẹ níléèwé, irin lo wá ń fọ́ kiri. Irin ta lo fọ́ lónìí?"

"N ò tíì fọ́ ọ̀kankan, Màmá. Ẹ kú ilé."

"Jókòó. Jẹ́ kí n lọ ká aṣọ lókè."

Ìyá kọjú sí àtẹ̀gùn. Bó ti ń gòkè, irin náà dún. Kẹ́ẹ́n. Ẹ̀rín kúrò lójú Fọ́rinfọ́rin.

"Àǹtí, kí ló dún yẹn?"

"Ohun tí mo fẹ́ bi ẹ́ nìyẹn. Mo ní bóyá ọ̀dà ló ń gbẹ."

"Ọ̀dà kì í ké. Irin ló ń ké."

Ó kúnlẹ̀ sídìí àtẹ̀gùn. Ní ibi tí irin gbọọrọ ti pàdé òpó, ọ̀dà ti sán, ilà náà tín-ín-rín bí irun, omi ìpẹtà sì ti ń sun jáde níbẹ̀. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ohun tó kàn án lórí tábìlì ló mú.

"Àlùmọ́gàjí mi kọ́!" ni Télọ̀ fi pariwo.

Ṣùgbọ́n Fọ́rinfọ́rin ti ń fi í ha irin. Ohun funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í dà sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun.

"Pọ́tì rèé, Àǹtí! Pọ́tì ló di irin yìí mú!"

Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n gbọ́ ìró sálúbàtà lókè. Ìyá ti ń bọ̀.

"Màmá, ẹ dúró! Ẹ má fọwọ́ kan irin yẹn!"

"Kí ni kí n wá fi sọ̀ kalẹ̀, imú?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó síbi tí ẹ wà."

"Èmi? Kí n jókòó sórí àtẹ̀gùn bí ọmọ tó ń ṣagídí?"

Ó na ọwọ́. Fọ́rinfọ́rin ń sáré gòkè, àmọ́ àtẹ̀gùn náà gùn. Ẹ̀rù ba Télọ̀ débi pé ẹkún ló bú jáde lẹ́nu rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ẹkún ọmọ rẹ̀ ló dá ìyá náà dúró. Ó pẹ́ tó ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Ó ká ẹsẹ̀ kò, ó rọra jókòó, ó sì gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kọ́ orí irin náà.

Apẹ̀rẹ̀ lásán ni o. Irin já lókè, ó já nísàlẹ̀, ó yí síta, ó sì wó lulẹ̀ gbàràgàdà síwájú ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ fọ́n káàkiri.

Ìyá béèrè jẹ́jẹ́ pé: "Ṣé ohun tí mo ń fara tì láti ọjọ́ yìí nìyẹn?"

Fọ́rinfọ́rin dì í mú sọ̀ kalẹ̀. Télọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Wọ́n pe jórinjórin. Ó dé pẹ̀lú òógùn lójú, ó ti ń wá àlàyé láti ọ̀nà. Télọ̀ kò jẹ́ kó sọ ọ́.

"Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́, Ọ̀gá. Ẹ fẹ́ kìlọ̀ fún mi, mo já lu ọ̀rọ̀ yín."

"Kò sí bá a ṣe lè mọ̀ ọ́n rìn tó, kí orí má mì," ni Fọ́rinfọ́rin wí. Ó gbé ojú ibi tó já sókè. "Ọ̀gá, ẹ wo ihò wẹ́wẹ́ yìí. Inú búrẹ́dì ló jọ. Ibo lẹ ń kó ọ̀pá ìjórin yín sí?"

"Abẹ́ tábìlì níta. Òjò a máa ta sí i díẹ̀."

"Bí ọ̀pá náà bá ń yọ́, omi yẹn a di afẹ́fẹ́ nínú irin, òun ló fi ihò sílẹ̀. Ẹ tún wo ibí: irin ò yọ́ wọnú irin. Orí ìpẹtà ló kàn jókòó lé."

"Mo rò pé iná á jó ìpẹtà dànù ni."

"Iná kì í ṣe ọṣẹ, Ọ̀gá. Ìwọ̀nba tó wá lẹ̀ mọ́ra, a tún lọ̀ ọ́ dànù." Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Àwọn ìjórin kan wà tí wọ́n ṣe é lọ̀, tí irin bá ti yọ́ wọra láti ẹ̀yìn dé iwájú. Àmọ́ igun báyìí, àpá yẹn ló ń gbé ẹrù. Aṣọ lè fi òwú rẹ̀ pamọ́ sínú. Àpá lòwú irin."

Ìyá wọn mi orí. "Àwọn àgbà ní ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Ta ló wá ní kó jọ ọ́?"

Jórinjórin lọ mú ọ̀pá tuntun tí omi kò tíì kàn. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà títí irin fi mọ́. Fọ́rinfọ́rin ní kó kọ́kọ́ jó àjákù irin méjì pọ̀ fún ìdánwò, kó fi òòlù lù ú. Àkọ́kọ́ já. Ó fi kún agbára iná, ó tún jó òmíràn.

"Ó tẹ̀, kò já!" Inú ọkùnrin náà dùn bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un níṣẹ́.

Nígbà tó jó irin tuntun mọ́ òpó àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀ tán láìlọ àpá rẹ̀, ìyá ní òun fẹ́ gùn ún wò. Fọ́rinfọ́rin ti fi gbogbo ara rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn ṣáájú, síbẹ̀ Télọ̀ dúró sísàlẹ̀, ó la apá sílẹ̀. Ìyá gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Irin kò dún. Níbi tí àtẹ̀gùn ti yà, ìka rẹ̀ kan àpá gbágungbàgun kan, ó dúró, ó rẹ́rìn-ín.

"Èyí tó ń dán nijọ́sí, n kì í mọ ibi tí mo dé lórí ẹ̀. Èyí ń bá mi sọ̀rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má bá mi lọ̀ ọ́ o."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irin sílé, yálà ti àtẹ̀gùn, ti fèrèsé tàbí ti ẹsẹ̀ táńkì omi, ẹ gbọ́ o. Ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ti jó o kí wọ́n tó kùn ún lọ́dà. Bí ẹ bá rí ihò, ilà tó sán, tàbí pọ́tì, ẹ má gbà á. Ẹ bi jórinjórin yín bí ọ̀pá rẹ̀ bá gbẹ, kẹ́ ẹ sì ní kó jó àjákù wò níṣojú yín. Bí irin bá ń dún nílé yín, ẹ má fi ọ̀dà tù ú nínú. Ẹ kúrò lára rẹ̀, kẹ́ ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n wá wò ó. Ẹ̀yin jórinjórin, bí oníbàárà bá ní kẹ́ ẹ yọ àpá kó lè dán, ẹ bi í léèrè ẹni tí yóò fara tì í.