Òòyà Onídìrí

"Ẹ gbé obìnrin yìí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi àgbà! Òun ló kó àrùn wọ wọ́ọ̀dù yìí!"

Obìnrin tó gẹ irun mọ́lẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kejì dìde jókòó. Ọmọbìnrin tí àwọn aláìsàn ń pè ní Onídìrí ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ló bà á. Ojú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún ìyá rẹ̀ àgbà nítan ti ń ṣọyún, oògùn kan kò sì ràn án. Dókítà ní àfàìmọ̀ kí àwọn má gé ẹsẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀, egbò obìnrin yìí náà ní kòkòrò àrùn tí oògùn kì í tètè pa.

"Ọmọ mi, kí ni mo ṣe fún ọ?" Obìnrin náà ń sunkún bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ sí yàrá òun nìkan.

Bí Onídìrí bá ti dé láti iléèwé, irun àwọn aláìsàn ló máa ń dì, yóò sì bá wọn tún báńdéèjì wọn ṣe. Nọ́ọ̀sì àgbà ti kìlọ̀ fún un: "Fọ ọwọ́ àti òòyà rẹ kí o tó bọ́ sídìí ẹlòmíràn." Ó kọ́kọ́ ń ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn aláìsàn ń pariwo pé, "Èmi ló kàn o!", orí rẹ̀ wú. Omi jìnnà, ó pa fífọ̀ tì. Ó tilẹ̀ ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ṣé orí ni mo ń dì ni, àbí egbò?"

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n gbé obìnrin náà lọ, ọkùnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò kòkòrò àrùn wọlé.

"Orúkọ kan náà ni àwọn kòkòrò wọ̀nyí ń jẹ́," ó ní, "ṣùgbọ́n a yẹ àbùdá wọn wò, bí ẹni ń wádìí ìdílé. Ti ìyá tí ẹ gbé lọ, ọ̀tọ̀ ni ìdílé rẹ̀. Ti ìyá àgbà àti ti àwọn mẹ́ta yòókù tí egbò wọn ń ṣọyún ní wọ́ọ̀dù yìí, ìdílé kan náà ni. Inú òòyà tí a gbà lọ́wọ́ ọmọ yìí láti yẹ̀ wò la sì ti bá irú rẹ̀."

Onídìrí wo orí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn. Orí kan ṣoṣo tí kò fọwọ́ kàn ni èyí tí kò ní irun.

"Háà! Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà," ni ìyá àgbà wí, omi bọ́ lójú rẹ̀.

Àyẹ̀wò náà fi oògùn kan tó ṣì lè pa kòkòrò náà hàn, òun ni kò sì jẹ́ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Síbẹ̀, ọ̀pá ni ìyá àgbà yóò máa fi rìn.

Onídìrí lọ kúnlẹ̀ ní yàrá obìnrin tí òun fẹ̀sùn kàn. "Ẹ dárí jì mí, mà. Èmi ni."

Obìnrin náà fọwọ́ pa orí ara rẹ̀. "Àṣé irun tí mo gẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́, ló máa gbà mí! Dìde, bu omi fún mi mu."

Onídìrí nawọ́ sí ife, ó fà á padà. Ibi ẹ̀rọ omi ló kọ́kọ́ lọ, láti fọ ọwọ́.

Inú rere kò ní ká má tẹ̀lé ìlànà. Ẹni tí kò bá sì tíì fọ ọwọ́ tirẹ̀, kó má ṣe fi í nàka sí ẹlòmíràn.