Rory Mọ Ohun Tó Wà Nínú Ife

Ìwọ tí ìwé kékeré yìí bọ́ sí lọ́wọ́, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti dalẹ̀ rẹ rí. Bóyá ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ ń jẹun nínú àwo kan náà ni. Irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í tètè jinná. Fara balẹ̀, kí o gbọ́ ìtàn Rory Cadell, bó ṣe ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà àjàrà kan ní Barossa, ní Gúúsù Ọsirélíà, lásìkò ìkórè.

Rory jẹ́ atọ́kùn ètò ìrìn-àjò kan lórí tẹlifíṣàn. Ibi tó bá dùn ún wò ni wọ́n máa ń gbé kámẹ́rà lọ. Rory á jẹ oúnjẹ ibẹ̀, á mu ọtí ibẹ̀, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, á sì ní kí àwọn tó wà nílé dìde wá wo ibẹ̀. Gbogbo ìlú ló mọ ẹ̀rín yẹn. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé ọ̀mùtí ni Rory.

Maree ìyàwó rẹ̀ mọ̀ ní tirẹ̀. Ó ti kó ẹrù ara rẹ̀ jáde nílé lẹ́ẹ̀kan nítorí ọtí. Rory gbé ọwọ́ lé orí ọmọbìnrin wọn, ó búra pé òun ti bá ọtí pínyà, Maree sì tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ pa dà. Láti ìgbà náà ni Rory ti ń jẹ míǹtì kó tó wọlé, kí òórùn ọtí má bàa jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ẹnì kejì tó mọ̀ ni Glen Mayhew, olùdarí ètò náà. Láti ìgbà èwe ni òun àti Rory ti ń ṣọ̀rẹ́. Kámẹ́rà àyálò kan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, inú mọ́tò kan ni wọ́n sì ń sùn. Glen ló dúró ti Rory lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Nígbà tí bàbá Rory kú, Glen wà lára àwọn tó fi èjìká gbé pósí. Bí Rory bá ní ọmọ ìyá kan láyé, Glen ni.

Àdéhùn kan wà láàárín wọn lórí iṣẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ ya ibi tí Rory ti ń tọ́ wáìnì wò, ife àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ń bu ojúlówó sí. Rory á fi ṣan ẹnu, á sì tu ú sí garawa bí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ṣe ń ṣe. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni wọ́n lè yà títí ọjọ́ á fi yí. Nítorí náà, láti ife kejì lọ, omi èso àjàrà lásán ni wọ́n ń bu. Àwọn tó ń wò ó nílé ò lè mọ̀, àwọ̀ kan náà ni.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, inú ọgbà Màmá Hedwig Kleinig ni wọ́n wà. Opó ni Màmá yìí, ọmọ ìjọ Lútà ni, ẹnu rẹ̀ sì mú. Bí Rory ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ló wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Ìwọ lo máa ń rẹ́rìn-ín bí ẹyẹ kookaburra nínú tẹlifíṣàn mi yẹn?"

"Èmi ni, Màmá."

"O tiẹ̀ tín-ín-rín ju bí mo ṣe rò lọ. Wá jẹ kéèkì kí afẹ́fẹ́ tó gbé ọ lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n so maiki kékeré mọ́ àyà Màmá, wọ́n so ọ̀kan mọ́ àyà Rory, wọ́n sì dúró níwájú àwọn igi àjàrà tó dàgbà jù nínú ọgbà náà. Bàbá ńlá Màmá ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn wọ́n. Màmá bu ife àkọ́kọ́. Rory tọ́ ọ wò, ó tu ú, ó yìn ín.

"Ó dáa," Glen wí, "ṣùgbọ́n oòrùn bò ọ́ lójú. Ẹ jẹ́ ká tún un yà."

Màmá bu ife kejì. Rory fi kan ẹnu, ó dúró díẹ̀, ó sì gbé e mì. Lẹ́yìn ìyẹn, kò rántí garawa mọ́. Wọ́n yà á, wọ́n tún un yà. Lẹ́ẹ̀kan, Glen ní ẹyẹ kan ń pariwo. Lẹ́ẹ̀kan, ó ní ọ̀rọ̀ náà ò yọ̀ mọ́ni lẹ́nu tó. Màmá ń bu, Rory ń mu.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ahọ́n Rory ti wúwo. Ó fi ìjọ Màmá ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú kámẹ́rà. Ó lọ jókòó lé àwọn àpótí èso tí àwọn olùkórè tò jọ, àpótí wó, òun náà ṣubú yakata sáàárín èso. Àwọn olùkórè kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n rí i pé kò lè dìde, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wọn.

"Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun," Glen wí. Kò pe kámẹ́rà dúró títí Rory fi dìde.

Tavita Leota ló wá fà á sókè. Ará Samoa ni Tavita, ó ga, ó síngbọnlẹ̀, òun ló ń gba ohùn sílẹ̀ fún wọn. Bó bá ń ṣiṣẹ́, ó máa ń kọrin ìyìn lábẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí Rory fi ń fi "Pásítọ̀" bú u. Ó mú Rory jókòó sábẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní òun ń lọ wá kọfí fún un.

Rory fẹ́ mọ bí ohùn òun ṣe burú tó. Ó gbé ohun tí Tavita fi ń bo etí gbọ́ ohùn, ó dé e sórí. Kì í ṣe ohùn ara rẹ̀ ló gbọ́. Wọn ò tíì tú maiki kúrò láyà Màmá Kleinig, Màmá sì wà nínú abà wáìnì pẹ̀lú Glen.

"Mi ò bu wáìnì fún ọkùnrin yẹn mọ́. Ó ti yó."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù."

"Àárọ̀ lo sọ fún mi pé òun ló ní kí n máa bu ojúlówó. Ṣé òun ni lóòótọ́?"

"Èmi ni. Mo ti sọ fún àwọn ọ̀gá wa pé ó ń mutí, wọn ò gbà. Wọ́n ní àfi kí àwọn fojú ara wọn rí i. Wọ́n ti ní ẹlòmíì tó máa gba iṣẹ́ náà."

"Mo rò pé ọ̀rẹ́ rẹ ni."

"Ọ̀rẹ́ mi ni. Ó ti sú mi ni, Màmá."

Rory yọ nǹkan náà kúrò létí. Ara rẹ̀ kọ́kọ́ tutù bí ẹni tí wọ́n da omi sí lára lójú oorun. Glen! Glen tó gbé pósí bàbá òun! Ká ní ọ̀tá ló ṣe é, ì bá bú u, ì bá sì gbàgbé. Àṣé ikú ilé ló ń pani. Ó dìde, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lọ sí abà.

"O dalẹ̀ mi, Glen!"

Ojú Glen funfun báláú. "Rory, jókòó, jẹ́ ká sọ̀rọ̀."

"Ọ̀rọ̀ wo? Ẹni tó bá dalẹ̀, á bálẹ̀ lọ! Gbogbo ayé ni màá sọ ọ́ fún! Màá bà ọ́ jẹ́ débi pé wọn ò ní gbé kámẹ́rà ìgbéyàwó lé ọ lọ́wọ́!"

Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ akẹ́rù àwọn olùkórè lórí tábìlì, ó sáré bọ́ sínú ọkọ̀ náà, ó sì wà á lọ. Glen sáré tẹ̀ lé e, kò bá a. Ọ̀nà títì wà lápá ọ̀tún, apá òsì ni Rory yí ọkọ̀ sí. Ó wọ àárín àwọn igi àjàrà àtijọ́ lọ, òpó tí wọ́n fi gbé àjàrà ró ń dá, wáyà ń já, àfìgbà tó kọ lu ìdí igi àjàrà ńlá kan, igi náà ya, ọkọ̀ sì dá kú.

Níbẹ̀ gan-an ni àwọn olùkórè ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó lọ jẹun. Garawa ọ̀kan nínú wọn wà lábẹ́ táyà, ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Rory wò ó. Bí kì í bá ṣe pé oúnjẹ ti délẹ̀, ènìyàn ni ì bá wà níbẹ̀. Ó gbé orí lé ọwọ́ ìdarí ọkọ̀, ó bú sẹ́kún bí ọmọdé.

"Ó dalẹ̀ mi," ló ń wí. "Glen dalẹ̀ mi."

Ó ti gbàgbé maiki tó wà láyà òun náà. Tavita ti pa dà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó gbọ́ ẹkún yẹn létí, ó sì sáré wá. Ó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, ó jókòó tì í.

"Pásítọ̀, Glen ló ní kí Màmá máa bu ojúlówó fún mi. O gbọ́ ohun tó ṣe fún mi?"

"Mo gbọ́. Ohun tí Glen ṣe burú. Ìwà ọ̀dàlẹ̀ ni, mi ò ní bá ọ pè é ní nǹkan mìíràn."

Ọ̀rọ̀ yìí tu Rory nínú díẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi," Tavita wí, "jẹ́ kí n bi ọ́ ní nǹkan kan. Ife kejì yẹn, nígbà tí o fi kan ẹnu, ṣé omi èso lo pè é?"

Rory yíjú sí fèrèsé ọkọ̀.

"Ìwọ tí o lè dijú tọ́ wáìnì wò, kí o sì sọ oko tó ti wá?"

"Mo mọ̀," Rory wí. "Bó ṣe kan ahọ́n mi ni mo ti mọ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Inú mi dùn ni." Bó ṣe sọ ọ́ ni ẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà bà á. "Tavita, mo rò pé wọ́n ṣèèṣì ni, inú mi sì dùn. Mo ń bẹ̀bẹ̀ nínú ọkàn mi pé kẹ́nikẹ́ni má ta wọ́n lólobó."

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Glen gbé ọtí sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀fun ta ni ọtí gbà kọjá? Rory rántí ọwọ́ tó gbé lé orí ọmọ rẹ̀. Ó rántí bí Maree ṣe ń tú ẹrù sílẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín. Kí Glen tó dalẹ̀ òun, òun ti dalẹ̀ ilé òun, òun sì ti ń dà á lójoojúmọ́ pẹ̀lú míǹtì lẹ́nu.

"Èmi náà ni," ló wí. "Èmi náà ni ọ̀dàlẹ̀."

"Mo ní àbúrò kan," Tavita wí. "Etí rẹ̀ kan ò gbọ́ràn. Èmi ni mo mutí yó tí mo gbá a létí. Iṣẹ́ ohùn ni mò ń ṣe jẹun, mo sì ti sọ ọmọ ìyá mi di adití lápá kan. Mi ò lè wo ọ́ bí ẹni tó mọ́. Ẹni tó gbà mí ni mo fẹ́ sọ fún ọ."

Ó wá sọ fún un nípa Jésù, pé lálẹ́ ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ máa tà á, ó mọ ẹni náà, ó sì tún bá a jẹun. Ó gbé ife lé àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́wọ́ láìyọ ọ̀dàlẹ̀ sílẹ̀. Àwọn yòókù sá fi í sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó sì lọ kú fún wọn, fún ẹni tó dalẹ̀ àti ẹni tó sá.

"Wọ́n dalẹ̀ rẹ lónìí, ó mọ bó ṣe ń dunni," Tavita wí. "Ìwọ náà dalẹ̀. Ó kú fún ìyẹn pẹ̀lú. Kò sí ẹlòmíì tó lè gba ẹjọ́ méjèèjì rò."

Rory sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀ pupa láàárín èso tó fọ́. Kò mọ àdúrà gígùn. "Jésù," ló wí, "mo mọ̀ ọ́n, mo sì gbé e mì. Glen kọ́, èmi ni. Ṣàánú mi. Gbà mí." Ó sunkún títí, ṣùgbọ́n ẹkún yìí yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ẹrù kan sọ̀ kalẹ̀ lọ́rùn rẹ̀ níbẹ̀, kò sì tún gbé e mọ́.

Nígbà tó máa fi gbójú sókè, gbogbo wọn ti dé. Màmá Kleinig bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí igi tó ya, ó ń fọwọ́ pa á lára.

"Ó ti rí ọ̀dá," ni Màmá wí, "ó ti rí iná. Ọ̀mùtí ló kù kó rí."

"Màmá, ẹ dárí jì mí. Màá wá tún ọgbà yín ṣe."

"Wàá wá ni, mi ò sọ pé o ò ní wá." Màmá yẹ ilẹ̀ wò. "Gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà. Dìde ńlẹ̀, ìwọ ọmọ yìí."

Glen dúró lẹ́yìn pátápátá. Gbogbo ènìyàn rò pé ìjà ló kù. Rory ní kí Màmá bá òun wá ife méjì àti omi èso àjàrà. Ó tọ́ méjèèjì wò, ó gbé ọ̀kan, ó sì rìn lọ bá Glen.

"Gbà, Glen. Kò sí ọtí níbẹ̀. Mo ti tọ́ ọ wò."

Glen gba ife náà. Kò lè mu ún. Ó gbé e kalẹ̀, ó kọjú sí ẹ̀yìn abà, ó sì lọ.

Kí oòrùn tó wọ̀, Rory ti tẹ Maree láago, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un kí ẹlòmíì tó sọ. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹlòmíì ló ń rẹ́rìn-ín nínú ètò náà báyìí. Pákó ló ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Port Adelaide. Òun àti Tavita lọ gbẹ́ òpó, wọ́n ta wáyà tuntun fún Màmá, igi tó ya sì ti rúwé. Maree ṣì ń ṣọ́ ọ, ó sì tọ́ kó máa ṣọ́ ọ. Glen ò tíì wá. Bí o bá bi Rory, á sọ fún ọ pé ó ṣì ń dun òun, ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ló ń dárúkọ Glen fún Ọlọ́run, kì í sì í ṣe láti gbé e ṣépè.

Ìwọ tó ń kà á ńkọ́? Mo mọ̀ pé o ní ẹni tí o fẹ́ gbé ẹ̀bi lé lórí. Ọ̀rẹ́ ló kọ́ ọ, ọkọ ló kó ìbànújẹ́ bá ọ, ọ̀gá ló fi ebi pa ọ́. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ọlọ́run á bá wọn ṣe ẹjọ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀ṣẹ̀ yẹn kọ́kọ́ kàn ọ́ lẹ́nu, ṣé o ò mọ̀ ọ́n? Ta ló gbé e mì?

Má ṣe dúró de ìgbà tí ọ̀dàlẹ̀ rẹ bá wá bẹ̀ ọ́ kí o tó wá bá Jésù. Ó lè má wá láé, ìwọ á sì ti bá ẹ̀bi rẹ̀ ṣègbé. Jésù wà níhìn-ín nísinsìnyí, ó mọ gbogbo ohun tí o ṣe, ó sì na ọwọ́ sí ọ. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, kí o sọ òtítọ́ fún un. O mọ ohun tó wà nínú ife rẹ. Gbé e kalẹ̀ lónìí.