Ọkọ̀ Tí Kò Fẹ́ Kí Ẹnikẹ́ni Mọ Ibi Tó Wà

Ọ̀rẹ́ tó mú ìwé pẹlẹbẹ yìí lọ́wọ́, mi ò mọ ohun tí ò ń fi pamọ́. Ohun tí Kápítẹ́nì Lambros fi pamọ́ ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Ọmọ erékùṣù Kíósì ní ilẹ̀ Gíríìsì ni Lambros, níbi tí iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ti jẹ́ iṣẹ́ ìdílé. Ọkùnrin líle ni. Bí atukọ̀ kan bá ṣi iṣẹ́ ṣe, ìkúùkù ni yóò kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀. Ó ń mu ọtí tsípúrò bí ẹni mu omi. Kó tó ṣíkọ̀, yóò fẹnu ko àwòrán Níkólà Mímọ́, aláàbò àwọn atukọ̀, tó gbé kọ́ sí yàrá ìtukọ̀, ó sì gbà pé ìyẹn ti tó fún Ọlọ́run.

Epo rọ̀bì orílẹ̀-èdè kan tó ń gbógun ti aládùúgbò rẹ̀ ló ń gbé. Àwọn ìjọba mìíràn ti ka epo náà léèwọ̀, nítorí owó rẹ̀ ni orílẹ̀-èdè náà fi ń ra àdó olóró. Ṣùgbọ́n Lambros mọ ọgbọ́n ẹ̀wẹ́. Yóò fi ọ̀dà pa orúkọ ọkọ̀ rẹ́, yóò sì kọ òmíràn. Ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà fún àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun, yóò dọ́gbọ́n sí i kí ó máa purọ́. Ọkọ̀ á wà ní Gíríìsì, ẹ̀rọ á ní Málítà ló wà. Lẹ́yìn náà ni yóò fara ti ọkọ̀ mìíràn lójú agbami, wọn yóò sì fi ọ̀pá rọ́bà ńlá fa epo láti inú ọ̀kan sínú èkejì.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, rédíò sọ pé àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ń jiyàn lórí àbá òfin tuntun: wọn yóò gbẹ́sẹ̀ lé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn yóò sì fìyà jẹ àwọn kápítẹ́nì wọn. Iordanis, ọkọ àbúrò Lambros, ni igbákejì rẹ̀ nínú ọkọ̀. Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká padà," ó ní. "Kì í ṣe òfin Amẹ́ríkà ni mò ń bẹ̀rù, Ọlọ́run ni. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn wà lọ́rùn epo yìí. Rọ́bà yẹn gan-an ti gbó."

Lambros bú sẹ́rìn-ín. "Pásítọ̀! Wọn ò tíì dìbò, o ti ń gbọ̀n. Àbá lásán ni! Kí wọ́n tó pariwo tán, màá ti gbé ẹ̀ẹ̀mẹta sí i. Tí mo bá fẹ̀yìn tì, màá wá bá ẹ kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ẹ."

"Ta ló fún yín ní ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n?"

Ẹ̀ṣẹ́ ni Lambros fi dá a lóhùn. Eyín kan já lẹ́nu Iordanis. "Lọ dúró ti rọ́bà ẹ, oníwàásù!" Iordanis nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀, ó sì lọ.

Lọ́sàn-án gangan, bí wọ́n ti ń fa epo sínú ọkọ̀ kejì, rọ́bà bẹ́. Epo tú jáde, iná sọ, ó bú gbàmù, ó sì gbé atukọ̀ méjì jù sínú òkun. Ẹnikẹ́ni kò rí wọn mọ́. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kejì fi àáké gé okùn tó so ọkọ̀ méjèèjì pọ̀, wọ́n sá lọ. Àwọn tó ń fara pa mọ́, ta ni wọ́n fẹ́ dúró gbà là? Iordanis wọ inú iná lẹ́ẹ̀mejì, ó fa èèyàn méjì jáde. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n fà jáde, awọ ara rẹ̀ ń bó.

Lambros gbá rédíò mú, ó ń kígbe ìrànlọ́wọ́. Orúkọ irọ́ tó kọ sára ọkọ̀ ló dá.

"Ọkọ̀ tí ẹ dárúkọ yẹn wà nítòsí Málítà," ni ẹ̀ṣọ́ etíkun wí. "À ń wò ó báyìí. Ẹ yé fi wá ṣeré."

Ẹ̀rù bà á. Bó bá sọ òótọ́, ẹ̀wọ̀n ni. Ló bá tún hun irọ́ mìíràn, ó ní ọkọ̀ apẹja ni tòun. Wọ́n bi í léèrè, ó ń yí ọ̀rọ̀ po. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá báyìí, ọkọ àbúrò rẹ̀ sì ń kú lọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀! Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Iordanis sọ wúyẹ́wúyẹ́, "ẹ sọ ibi tá a wà. Ọlọ́run ṣáà ń rí wa."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un lọ́kàn. Ó kúnlẹ̀ sínú epo àti ẹ̀jẹ̀. "Èmi Lambros ni," ó sọ sínú rédíò. "Irọ́ ni orúkọ, irọ́ ni Málítà." Ó sọ ibi tí wọ́n wà gan-an. Kò dìde. "Jésù, èmi Lambros ni. Apànìyàn ni mí. Ṣàánú mi."

Ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà ni hẹlikópítà dé. Iordanis ti kú ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí Lambros fi purọ́ ì bá gbà á là.

Mo lọ kí Lambros lẹ́wọ̀n. Ó ní ó dá òun lójú pé Ọlọ́run ti dárí ji òun, àlàáfíà sì wà lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó dárúkọ àbúrò rẹ̀ tó di opó, ó bú sẹ́kún.

Ìwọ ńkọ́? Òfin Ọlọ́run kì í ṣe àbá, kò sì dúró de ìbò ẹnikẹ́ni. Ẹ̀jẹ̀ Jésù tó wẹ Lambros mọ́ tó láti wẹ ìwọ náà. Ṣùgbọ́n má ṣe sọ pé ó di ọ̀la. Bí o ti ń fi ẹ̀ṣẹ̀ rẹ pamọ́ yìí, ó lè jẹ́ pé aya rẹ tàbí ọmọ rẹ ló ń jóná nítorí rẹ. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà nísinsìnyí. Dárúkọ ara rẹ fún Un, kí o sì sọ ohun tí o ṣe, nígbà tí ẹni tó lè rí ìgbàlà nípasẹ̀ rẹ ṣì ń mí.