Kóòtù Ẹ̀yìn Àga

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe. Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá mo sùn lọ.

Ilé ìjọba kan wà ní Dùgbẹ̀, alájà mẹ́ta. Èèyàn ń rí Kòkó Háúsì láti ojú fèrèsé rẹ̀. Yàrá kẹrìnlá ni wọ́n ní kí n lọ. Tíṣà ni mí, Kìṣí lọ́hùn-ún ni wọ́n gbé mi lọ, ọmọ mi Ọmọ́fẹ́ sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù kan ní Jẹ́ríkò. Ọmọ ọdún mẹ́fà. Bí Ọ̀gbẹ́ni Ayẹni, ọ̀gá inú yàrá yẹn, bá ti lè fọwọ́ sí ìwé mi, mo máa padà sí Ìbàdàn, kí n máa tọ́jú ọmọ mi. Kí wọ́n kàn fọwọ́ sí i, ó parí.

“Wọ́n wà lórí síìtì,” ni Ìyáàfin Oyèbọ́lá, akọ̀wé tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wí. “Wọ́n kàn jáde díẹ̀ ni. Ṣé ẹ rí kóòtù wọn?”

Mo rí i. Kóòtù aláwọ̀ eérú, lẹ́yìn àga. Ẹni tó bá ti bá ọ́fíìsì ìjọba lò rí mọ̀ ọ́n. Bí kóòtù bá ti wà níbẹ̀, ọ̀gá wà níṣẹ́ nìyẹn, kódà kó ti lọ jẹun délé.

Ọjọ́ Ajé, kóòtù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kóòtù. Tíì wà lórí tábìlì, ó ń rú èéfín. Ta ló gbé e wá? Ẹnu ọ̀nà yẹn ni mo jókòó sí látàárọ̀, ẹnì kankan ò gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Inú bí mi débi pé mo sunkún.

Ní Ọjọ́rú, lọ́sàn-án gangan, ó sú mi. Mo wọlé. Mo ká kóòtù yẹn kúrò, mo jù ú sílẹ̀. Ó wúwo bíi pé apá wà nínú rẹ̀. Mo bọ́ súwẹ́tà mi, mo fi kọ́ ẹ̀yìn àga, mo sì jókòó. Kí wọ́n wá lé mi.

Gbogbo ilé dákẹ́. Fáànù ń yí, n kò gbọ́ ìró rẹ̀. Mo tọ́ tíì náà wò. Mílíkì rẹ̀ pọ̀, kò sí ṣúgà. Bí mo ṣe máa ń mu tèmi gan-an nìyẹn.

Mo sáré jáde. Bàbá kan dúró níwájú Ìyáàfin Oyèbọ́lá, fáìlì wà lọ́wọ́ wọn.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀gá ńkọ́?”

“Wọ́n wà lórí síìtì,” ni Ìyáàfin Oyèbọ́lá dá wọn lóhùn. “Ṣé ẹ rí súwẹ́tà wọn?”

“Ìyáàfin Oyèbọ́lá, èmi rèé.”

Kò wò mí. Mo di bàbá náà lọ́wọ́ mú. Wọ́n fọwọ́ gbá ibẹ̀ bí ẹni ń lé eṣinṣin. Mo sáré padà wọlé, mo fa súwẹ́tà mi, mo fà á títí. Kò kúrò lẹ́yìn àga.

Fóònù mi dún. John ọkọ mi ni, láti ọsibítù.

“Fúnlọ́lá? Ẹ̀lóò? Fúnlọ́lá?”

Mo pariwo títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Kò gbọ́. Mo wá gbọ́ ohùn Ọmọ́fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́.

“Dádì, Mọ́mì ńkọ́?”

“Wọ́n kàn jáde díẹ̀ ni,” ni ọkọ mi wí.