Ìdá Mẹ́ta Iyè Ọkọ̀ Ọdẹ́tọ́lá

Ọjọ́ kọkànlélógún tí Ọdẹ́tọ́lá awakọ̀ kú ni àwọn ọmọ rẹ̀ pín ọkọ̀ rẹ̀, ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ gbé sórí tábìlì kì í ṣe irin. Ohun rírọ̀ kan ni. Ó tóbi tó ìkúùkù àgbàlagbà, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ẹ̀kọ tútù, ó sì ń mí díẹ̀díẹ̀ nínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́, nínú àwo gíláàsì. Iyè ọkọ̀ náà nìyẹn.

Ní àkókò yìí, ó ti lé ní igba ọdún tí ọkọ̀ tó kẹ́yìn ti mu epo bẹntiróòlù ní Ìbàdàn. Wọn kì í fi irin nìkan ṣe ọkọ̀ mọ́, wọ́n ń gbin iyè sí i. Iyè tuntun kò mọ nǹkan kan. Awakọ̀ ni yóò máa kọ́ ọ lójoojúmọ́, bí a ti ń kọ́ ọmọ ní ìrìn. Tó bá pé ọdún mẹ́wàá, awakọ̀ kò níí ṣe jù kó di sítíárìn mú lọ. Iyè ni yóò mọ ìgbà tó yẹ kí táyà sáré àti ìgbà tó yẹ kí bíréèkì mú. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ọdẹ́tọ́lá fi kọ́ tirẹ̀, lórí ọkọ̀ akẹ́rù tó fi ń gbé sìmẹ́ńtì gun Ọ̀nà Òkè.

Ọ̀nà Òkè ni títì gíga tó so àwọn òkè ìlú pọ̀. Orí òkè ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ náà ni ilé ìwòsàn wà. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀tọ́ ọ̀nà kò gbọdọ̀ fi táyà kan títì náà, ìdílé mẹ́rin péré ló sì ní in ní gbogbo ìsàlẹ̀ ìlú. Bí ẹni tó ni ẹ̀tọ́ bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ láti mú ọkọ̀ tó ń lo iyè rẹ̀ wá síwájú àwọn olùyẹ̀wò. Wọn yóò fi gun òkè, wọn yóò sì fi sọ̀ kalẹ̀. Tí ọjọ́ bá pé tí wọn kò rí ọkọ̀ mú wá, ẹ̀tọ́ ti parẹ́ nìyẹn. Àwọn tó ń gbé orí òkè ló ṣe òfin náà. Wọn kò dá ọjọ́ kankan fún ara wọn.

Bàbá Láoyè, Mọ́gàjí agbo ilé Onírin, ló jókòó sórí àga ńlá lọ́jọ́ ìpín náà. Ẹ̀gbọ́n olóògbé ni. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ṣe títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì.

"Ìyàwó mẹ́ta ni àbúrò mi fẹ́," ó sọ, "nítorí náà ìdí-igi mẹ́ta ló máa jogún rẹ̀. Irin ọkọ̀ yẹn ti jẹrà, ẹ lè pín in bó ṣe wù yín. Ṣùgbọ́n èyí, ẹ jẹ́ kó wà lódidi. Kí ìdí-igi kọ̀ọ̀kan máa lò ó lóṣooṣù, bí a ti ń lo ẹ̀rọ omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀."

"Bí a ti ń lo ẹ̀rọ omi, Bàbá?" Ìbíwùnmí ló sọ bẹ́ẹ̀. Òun ni àkọ́bí ìyàwó kejì, onímọ̀ iyè sì ni ní yunifásítì. Ohun tó máa ń mú inú bí i jù láyé ni kí ẹnì kan gba ju tirẹ̀ lọ. "Ẹ bi Dúródọlá bóyá ó ti pọn omi rí ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀."

Dúródọlá ni ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó kẹta bí kó tó kú. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, iṣẹ́ télọ̀ ló ń ṣe. Ó wo ilẹ̀. "Mo ti pọn ọ́n rí," ó ní. "Lẹ́ẹ̀kan."

Olúgbódi, àkọ́bí ilé, ọmọ ìyáálé, rẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà kì í tètè jí ni."

"Bọ̀ọ̀dá, aago mẹ́rin ìdájí ni mo máa ń dé ibẹ̀. Àwọn ọmọ yín á ti to garawa dé ẹnu ọ̀nà."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìbíwùnmí kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àwo gíláàsì náà mọ́ra.

"Ohun alààyè lèyí," ó ní. "Bí mo bá gé e sí mẹ́ta, tí mo ń bọ́ ọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan á padà dàgbà di odidi láàárín ogún ọjọ́. Odidi mẹ́ta dípò ẹyọ kan. Bí olùyẹ̀wò bá ti fọwọ́ sí ọ̀kan, ó ti fọwọ́ sí gbogbo wọn nìyẹn, nítorí iyè kan náà ni. Ìdí-igi kọ̀ọ̀kan á ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Kò sí ẹni tó máa dúró de oṣù tí kò níí kàn án láé."

"Ohun tó ti kọ́ ńkọ́?" Bàbá Mọ́gàjí bi í. "Apá ibo ló kó o sí?"

"Ó tàn káàkiri inú rẹ̀ ni, Bàbá, bí iyọ̀ ṣe ń tàn nínú ọbẹ̀."

"Ṣé ìwọ lo wò ó ni, àbí ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwé ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ ìwé náà wò ó."

"Iyè ọkọ̀ ta ni wọ́n wò? Ṣé ọkọ̀ tó ń gbé sìmẹ́ńtì lọ sókè fún ọgbọ̀n ọdún ni?"

Olúgbódi ló gba Ìbíwùnmí sílẹ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ kó gé e. Àbúrò mi kàwé. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ lẹ́yìn ọ̀la pé èmi àkọ́bí ni mo jẹ ogún àwọn yòókù mọ́ wọn lẹ́nu."

Ìbíwùnmí gé e lójú gbogbo ẹbí, ó sì gbé ìdá kọ̀ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n kí gbogbo wọn lè rí i. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wúwo bákan náà.

Ó kù kí wọ́n rí ọkọ̀ tí wọn yóò gbé e sí. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ kì í tà fún ará ìsàlẹ̀ ìlú. Àyè kékeré kan péré ni òfin fi sílẹ̀. Àwọn ọmọ olówó orí òkè fẹ́ràn láti máa fi ọwọ́ ara wọn to ọkọ̀ eré ìje nínú ọgbà ilé wọn, nítorí náà wọ́n ń ta ẹ̀yà rẹ̀ nínú àpótí, wọ́n sì ń pè é ní ọkọ̀ àtòfúnraẹni. Ẹni tó fẹ́ rà á kò ní láti fi ẹ̀tọ́ hàn, àfi ìyá ọkọ̀. Ìyá ọkọ̀ ni ọkọ̀ àtijọ́ tí wọn yóò tú, tí wọn yóò yọ táyà, sítíárìn, bátìrì àti iyè inú rẹ̀ láti fi bí tuntun. Ohun ìṣeré àwọn ọlọ́rọ̀ ni àwọn ọmọ Ọdẹ́tọ́lá fẹ́ fi gba ohun tó jẹ́ tiwọn. Èyí dùn mọ́ Ìbíwùnmí nínú ju bó ṣe lè sọ lọ.

Àpótí mẹ́tàlélógójì ló dé. Ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ nípọn, ṣùgbọ́n ojú ewé kẹtàdínlógún kò sí níbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ṣàlàyé bí ṣásì ṣe máa jókòó. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Olúgbódi àti Ìbíwùnmí fi tò ó, tí wọ́n tú u, tí wọ́n tún un tò. Síríńgì ìyá ọkọ̀ le jù fún ara tuntun tó fúyẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí jáàkì, iwájú rẹ̀ nà sókè bí ẹni tó ń wá ènìyàn lórí òrùlé. Wọ́n gé síríńgì náà kúrú. Dúródọlá rán awọ ìjókòó. Ó ṣa àwọn irin tó ṣẹ́ kù jọ pẹ̀lú, ó fi ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí yóò máa fi gbé aṣọ àwọn oníbàárà kiri, ó sì gbé ìdá iyè tirẹ̀ sínú rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ eré ìje náà parí, tí wọ́n sì ti gbé ìdá iyè Olúgbódi sínú rẹ̀, ó pupa, ó sì gẹ̀rẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ débi pé òrùlé rẹ̀ kò ga ju ìbàdí Bàbá Mọ́gàjí lọ. Bàbá fi ọwọ́ pa á lára.

"Ṣé ènìyàn máa jókòó sínú èyí ni," ó bèèrè, "àbí á wọ̀ ọ́ bíi ṣòkòtò?"

"Á wọ̀ ọ́, Bàbá," Olúgbódi dáhùn. "Màá sì di bẹ́líìtì rẹ̀."

"Ṣé ẹ ti wà á sọ̀ kalẹ̀ níbì kankan?"

Ìbíwùnmí ló fèsì. "Òkè wo la lẹ́tọ̀ọ́ láti gùn, Bàbá? Òpópónà iwájú ọjà la ti dán an wò. Ó sáré, ó yà, ó dúró. Ìgbà ogójì ló dúró."

"Ilẹ̀ títẹ́jú nìyẹn."

"Òun ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa," Ìbíwùnmí sọ, ohùn rẹ̀ sì le ju bó ṣe fẹ́ lọ.

Ọjọ́ kejìdínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n gbé e lọ fún ìyẹ̀wò. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ìlú dúró ní ẹsẹ̀ Ọ̀nà Òkè láti àárọ̀, nítorí ọkọ̀ eré ìje kò gba àdúgbò wọn kọjá rí. Obìnrin olùyẹ̀wò kan wo inú ọkọ̀, ó yẹ iyè wò, ó sì mi orí pé ó dára. Olúgbódi wọlé, ó na ẹsẹ̀ síwájú, ó juwọ́ sí ìyá rẹ̀.

Ó gun òkè láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin. Àwọn ènìyàn ń pariwo orúkọ bàbá rẹ̀. Nínú ẹ̀rọ tó wà ní etí Ìbíwùnmí, Olúgbódi ń rẹ́rìn-ín. "Àbúrò mi, mo ti rí ilé ìwòsàn. Àṣé àwọ̀ ewé ni wọ́n kùn ún." Lẹ́yìn náà ló yí ọkọ̀ padà.

Ìgúnpá mẹ́ta, ibi tí títì ti ká bí apá tí a ṣẹ́ po, ló wà lórí ìsọ̀kalẹ̀ náà. Ọkọ̀ náà dé ti àkọ́kọ́, kò dẹ eré. Ó yà á kọjá pẹ̀lú ariwo táyà, àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé eré ni. Láàárín ti àkọ́kọ́ àti ìkejì, ohùn Olúgbódi yí padà.

"Ìbíwùnmí, kò mú."

"Ẹ tẹ bíréèkì. Bọ̀ọ̀dá, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ibi ìtẹ̀. Láti ọdún méjìlá tó ti ń wakọ̀, iyè tí àwọn àgbà ti kọ́ tán ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lò, ẹnì kankan nínú wọn kò sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ rí. Ó tẹ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èéfín funfun yọ lára táyà, bíréèkì gbóná, ó sì jó.

"Ó dà bíi pé kò mọ ibi tí a wà," Olúgbódi sọ jẹ́ẹ́, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yà lẹ́nu. Ní ìgúnpá kẹta, ọkọ̀ pupa náà já irin ẹ̀gbẹ́ títì, ó sì bọ́ sí ìsàlẹ̀.

Wọ́n sin Olúgbódi lọ́jọ́ kejì. Olùyẹ̀wò fi ìwé ránṣẹ́ pé ọkọ̀ náà gùn, ṣùgbọ́n kò sọ̀ kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí, àti pé ọjọ́ kan ló kù. Bàbá Mọ́gàjí ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀tọ́ náà lọ. Ìdá ti Ìbíwùnmí ṣì wà nínú àwo, kò sí ọkọ̀ kankan tí wọ́n gbé e sí.

"Tèmi wà nínú kẹ̀kẹ́," Dúródọlá sọ. "Òfin kò sọ irú ọkọ̀ tí a máa mú wá."

"O ò níí gùn ún," Bàbá Mọ́gàjí dá a lóhùn.

"Bàbá, kẹ̀kẹ́ mi kì í sáré. Bí mo bá rí i pé kò dáa, màá bẹ́ sílẹ̀. A ti fi ẹ̀mí Bọ̀ọ̀dá wa san owó ẹ̀tọ́ yẹn. Ṣé ká tún wá jẹ́ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ wa?"

Bàbá gbà nígbẹ̀yìn, Ìyáálé, ìyá Olúgbódi, ló sì bá Dúródọlá dé ẹsẹ̀ òkè ní ọ̀sán ọjọ́ kẹ̀yìn. Òun àti Ìbíwùnmí dúró pọ̀. Wọ́n ń wo kẹ̀kẹ́ náà bó ṣe ń gùn títí tó fi kéré bí ìdun lára ògiri. Nígbà tó yí padà tó ń bọ̀, iná pupa tó ń fi hàn pé bíréèkì mú tàn lára rẹ̀. Ẹ̀bá igi mángòrò kan ló wà, kò tíì dé ìgúnpá àkọ́kọ́ rárá. Iná náà kú, ó tún tàn, ó tún kú, díẹ̀díẹ̀, bí èémí ẹni tó ń sùn. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn títí ó fi kọjá ìgúnpá kẹta, níbi tí irin ẹ̀gbẹ́ títì ti já.

"Nígbà tí mo wà ní ìyàwó tuntun, mo máa ń bá bàbá yín gùn ún," Ìyáálé sọ. "Níbi igi mángòrò yẹn ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fi bíréèkì mú un. Ó ní tí èèyàn bá dúró dìgbà tó bá rí ìgúnpá, ó ti pẹ́." Ó nawọ́ sí kẹ̀kẹ́ náà. "Ìdá ti Dúródọlá ni ìmọ̀ yẹn bọ́ sí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì àgbà."

"Kò sí nínú ti ọmọ mi."

"Kò sí níbẹ̀. Apá tó mọ ìsọ̀kalẹ̀ wà lójú kan. Èyí tó hù dípò rẹ̀ sí ti Bọ̀ọ̀dá, tuntun ni, kò mọ nǹkan kan." Omi bọ́ lójú Ìbíwùnmí. "Èmi ni mo gé e. Màá sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí. Gbogbo wọn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀."

"Sọ fún Mọ́gàjí. Sọ fún àwọn ìwé rẹ." Ìyáálé di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì dì í le. "Ọmọ yẹn kò ní ìyá. Kò gbọdọ̀ gbọ́ pé òun ló ń gbé ohun tí ì bá gba Olúgbódi là kiri. Ṣé o gbọ́ mi?"

Ìbíwùnmí wo ojú rẹ̀. Láti ìgbà tó ti gbọ́njú, kò fi òótọ́ pamọ́ fún ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́ ọ rí.

Olùyẹ̀wò ti ń fi òǹtẹ̀ lu ìwé, ẹ̀tọ́ mẹ́ta, ọ̀kan fún ìdí-igi kọ̀ọ̀kan. Dúródọlá sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ó sáré wá sọ́dọ̀ wọn.

"Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan," ó ní. "Fúnra rẹ̀ ló ń mú, láti òkè pátápátá. Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ti Bọ̀ọ̀dá náà ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," Ìbíwùnmí dáhùn. "Bákan náà ni wọ́n."